Ìmọ́lẹ̀ Mẹ́ta Tí Atọ́nà Fi Hàn Wá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Wọ́n ti fọ́ àgbọ̀n tíṣà ìṣirò. Olóòtú ìwé ìròyìn ló sọ fún mi láàárọ̀ yìí, kò tiẹ̀ tíì jókòó. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà ni pé ó sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé iná gílóòbù lásán ni Atọ́nà ń pè ní ọkọ̀ àlejò. Àwọn mẹ́ta dúró dè é lẹ́nu géètì ilé ìwé lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n di òkúta sínú àpò, wọ́n fi gbá a lẹ́nu. Eyín mẹ́rin ló tu sílẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ.

Olóòtú fi fọ́nrán mẹ́ta lé mi lọ́wọ́ lórí fláàṣì. "Ìyá Kámẹ́rà," ó ní, "ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ ti ń tú kámẹ́rà palẹ̀. Ẹ bá mi wò ó. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ sọ pé òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ sọ ibi tí irọ́ náà gbà wọlé."

Ta ni kò mọ fọ́nrán mẹ́ta yìí? Kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn fèrèsé ilé òfúrufú ló yà wọ́n, ilé ńlá tí àwọn onímọ̀ gbé sókè, tí wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀, tó ń yí ayé po ní ìgbà mẹ́rìndínlógún lójúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè máa wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Atọ́nà, ọkùnrin tó ń wàásù kiri ìlú wa, gé ibi mẹ́ta jáde níbẹ̀, ó ní ọkọ̀ àwọn àlejò òkè ni, pé ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí ni wọ́n ń bọ̀ ní kòtò òkúta lẹ́yìn ìlú láti kó àwọn tiwọn. Àwọn tó ń tẹ̀lé e ti tó ẹgbẹ̀rún méjì. Olùretí ni wọ́n ń pe ara wọn.

Àbúrò mi wà nínú wọn. Mi ò sọ fún Olóòtú. Mo gba fláàṣì náà.

Mo sọ fún Màmá nígbà tí mo délé. Ó ní, "Ẹni tó ń wo òkè pẹ́, ọrùn ni yóò máa dùn ún. Ṣé tìrẹ ò tíì máa dùn ọ́?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Fọ́nrán kìíní. Iná mẹ́fà tò lẹ́sẹẹsẹ lókè àwọsánmà, Atọ́nà ní ọmọ ogun ni wọ́n.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé kí n má wo iná, kí n wo ohun tó yí iná ká. Mo wò ó bẹ́ẹ̀. Òkun ń kọjá nísàlẹ̀, erékùṣù ń kọjá, iná mẹ́fà ò kúrò lójú kan. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, iná kẹta ṣókùnkùn, ó tún mọ́lẹ̀, ìkẹrin ṣe bẹ́ẹ̀, ìkarùn-ún náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ló ń kọjá níwájú wọn. Mo dá àwòrán náà dúró, mo fà á tóbi. Ìgúnwọ́ ènìyàn ni.

Inú ilé ni iná wà. Gíláàsì fèrèsé ló gbé òjìji rẹ̀ sójú kámẹ́rà.

Kí n má baà tan ara mi jẹ, mo gbé gíláàsì kan dúró lórí tábìlì iṣẹ́, mo tan gílóòbù mẹ́fà sẹ́yìn mi, mo gba inú gíláàsì náà ya ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ ogun mẹ́fà yọ sí mi lókè okùn tí Màmá sá aṣọ sí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Gẹdú wá sí ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pe àbúrò mi nìyẹn, nítorí iṣẹ́ káfíńtà tó ń ṣe àti nítorí bó ṣe sanra tẹ́lẹ̀. Ó ti rù. Ẹ̀wù ń fì lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé ẹ ń báwọn oníwèé ìròyìn ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ kámẹ́rà ni. Jókòó."

"Mi ò jókòó. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ó yọ fóònù rẹ̀. Fọ́nrán kejì ló wà níbẹ̀. Èérún funfun púpọ̀ ń tàn nínú òkùnkùn, gbogbo wọn sì ṣàdédé yí padà lẹ́ẹ̀kan náà bí agbo ẹyẹ. Ó fi ìka sí ọ̀kan tó kéré, tó ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù.

"Ẹ wo bó ṣe ń ṣe. Ṣé bó ṣe máa ń sá tẹ̀lé wa kọ́ nìyẹn, bí a bá ń lọ sọ́jà? Atọ́nà fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí. Ó ní, 'Ọmọ rẹ nìyẹn. Ó ń wá ọ.'"

Ọmọ ọdún méje lọmọbìnrin rẹ̀ nígbà tí ibà pa á lójò tó kọjá. Ọwọ́ mi ni mo fi wẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn.

Mo ní, "Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó dáadáa."

"Kí lẹ fẹ́ wò? Ẹ fẹ́ tú ọmọ mi palẹ̀ bí ẹní tú kámẹ́rà?"

Ó nawọ́, ó gbá gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì dànù. Dígí kámẹ́rà tí mo ti ń nù látàárọ̀ fọ́ yángá. Ó fún ọrùn mi pọ̀ mọ́ aṣọ, ó gbé mi dìde débi pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló kan ilẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nítòsí. Ẹ̀rù ń bà á ju èmi lọ.

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ló tiro wọlé pẹ̀lú ọ̀pá tó fi ń rìn. "Gẹdú! Ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń ṣe báyìí? Tó bá yá, á kan Màmá náà?"

Ó jù mí sílẹ̀, ó jáde. Ọrùn mi wú. Mo sọ fún Màmá pé àpótí ló já lù mí. Ó ní àpótí tó ní ìka márùn-ún ṣọ̀wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Yìnyín ni.

Ìgbà mọ́kàndínlógójì ni mo wo fọ́nrán kejì. Kò sí èyí tó jìnnà nínú àwọn èérún náà. Etí wọn ò mú, wọ́n fẹ̀ bàìbàì bí eruku ṣe máa ń rí bó bá sún mọ́ ojú kámẹ́rà jù. Ilé òfúrufú máa ń tú omi dànù, omi náà á sì dì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó ń tọ́ ilé náà sọ́nà bá mí lẹ́ẹ̀kan, èémí rẹ̀ á gbá gbogbo yìnyín náà lọ pọ̀. Ohun tó mú wọn yí padà bí agbo ẹyẹ nìyẹn. Èyí tó kéré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, èémí náà kò bà á dáadáa, ó wá pẹ́ lẹ́yìn. Kò ju ìpẹ́ ẹja lọ. Bí mo bá wà níbẹ̀, mo lè na ọwọ́ mú un.

Iṣẹ́ ti parí kí n tó mọ̀ pé mo ń sunkún. Mo rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Mi ò mọ̀ pé èmi náà ń wá a nínú fọ́nrán yẹn.

Màmá bi mí pé kí ni mo rí. Mo sọ fún un. Ó ní, "Má sọ fún àbúrò rẹ ní ìdúró o. Jẹ́ kó jókòó ná."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ìwé ìròyìn jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ohun tí mo rí nínú fọ́nrán kìíní àti ìkejì. Ó ti tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Nígbà tó di mọ́kànlá, àwọn Olùretí dé ṣọ́ọ̀bù mi.

Mi ò sí níbẹ̀. Mo lọ ra gíláàsì fèrèsé, tí iye rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì látìgbà tí wọ́n ti ń fọ́ fèrèsé àwọn ènìyàn kiri. Télọ̀ ni wọ́n bá. Àwọn mẹ́jọ ni. Wọ́n ní kó sọ ibi tí mo wà. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń rí ohun tó wà lókè ọ̀run, ẹ ò rí obìnrin kan láàárín ìlú?"

Wọ́n gba ọ̀pá rẹ̀, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì. Wọ́n tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù onírin rẹ̀, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí mo dé, àwọn aládùúgbò ti fi aṣọ tí kò tíì rán tán wé ọwọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ti gba aṣọ náà kọjá, ó ń kán sórí pédà. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sunkún. Ó kàn ń bi mí pé, "Ìka mélòó ló kù? Ẹ bá mi kà á."

Mo kà á. Méjì ló ṣì ní ìrísí ìka.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùndínlógún

Mo lọ wò ó nílé ìwòsàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó dá mi dúró. Ó ní, "Fọ́nrán kẹta ńkọ́? Bí ẹ bá dúró síbẹ̀ yẹn, á jẹ́ pé ìka mi gbé nìyẹn."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò rọ̀ láti òwúrọ̀. Fọ́nrán kẹta ló le jù.

Ìmọ́lẹ̀ kan yọ láti etí ayé, ó pẹlẹbẹ bí abọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo ojú àwòrán di búlúù, kò sí nǹkan kan mọ́. Atọ́nà ní àwọn tó ni kámẹ́rà ló pa á kí a má baà rí òótọ́.

Ọjọ́ àti wákàtí wà lára fọ́nrán náà. Mo ṣí ìwé òṣùpá. Òṣùpá ti pé ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló sì yẹ kó yọ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ayé nípọn létí, ó máa ń tẹ òṣùpá pẹlẹbẹ bí ẹní jókòó lé búrẹ́dì. Ní ti búlúù, mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó ti kámẹ́rà náà. Ìgbà mọ́kànléláàádọ́ta ló di búlúù lójú mi. Bí ilé náà bá ń kúrò lọ́wọ́ sátẹ́láìtì kan tó ń gbé àwòrán rẹ̀ wá sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, àwòrán á já, bí ìpè fóònù ṣe ń já bí ọkọ̀ bá wọ ẹ̀yìn òkè. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló ń pa á, onítọ̀hún kì í jẹun, kì í sùn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹ́kù. Ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà lápá òsì, iná tín-ín-rín kan kọ mànà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó parẹ́. Kò jọ mànàmáná, kò jọ òjìji gíláàsì. Bóyá òkúta tó jábọ́ láti ojú òfúrufú tó ń jó wọlé ni. Bóyá. Mi ò rí ẹ̀rí. Mo kọ ọ́ pé mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Olóòtú fẹ́ kí n yọ ọ́.

"Ìyá Kámẹ́rà, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ènìyàn yẹn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín 'mi ò mọ̀' àti 'òótọ́ ni.'"

"Èmi mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n á pa yín o!"

"Bí ẹ bá yọ ìyẹn, ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ara yín sí i."

Ó bú mi ní ìdákẹ́jẹ́. Mo gbọ́ ọ. Kò yọ ọ́.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ó jáde. Ọkọ̀ akẹ́rù Atọ́nà gba iwájú ilé wa kọjá nígbà mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Obìnrin oníkámẹ́rà ti jẹ́wọ́! Ó ní òun ò mọ̀! Ọ̀tá fúnra rẹ̀ ti rí wọn!" Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ní ọ̀tá tó gọ̀ tó báyìí, kò níyì."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n ti sun ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọ̀sán ni, oòrùn ń ràn. Mo wà nínú rẹ̀ nígbà tí ìgò epo àkọ́kọ́ wọlé. Ó bọ́ sórí àpótí fíìmù, iná sì gbà á lẹ́ẹ̀kan. Mo di kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, mo sáré jáde. Wọ́n tó ogójì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan gbá mi létí, òmíràn já kọ̀ǹpútà gbà, wọ́n sọ ọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fò lé e. Mo rántí kámẹ́rà ọ̀gá mi tó wà lórí pẹpẹ, mo yí padà láti wọlé.

Gẹdú ló dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó mú pákó dání.

Mo ní, "Kúrò níbẹ̀."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wọlé."

Mo ti í. Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn wa pé, "Àbí ìwọ náà ti di tiwọn?" Gbogbo wọn ń wò ó. Mo rí i tó ń ronú, mo rí i tó parí ìrònú náà. Ó gbé pákó sókè. Mo fi apá òsì bojú. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ igi gbígbẹ. Mo ṣubú sẹ́nu kòtò omi, mo rí apá mi tó tẹ̀ níbi tí apá kì í tẹ̀ sí. Ìkejì bà mí léjìká. Kò sí ìkẹta. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti ju pákó náà nù, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Wọ́n hó yèè fún un.

Àjà ṣọ́ọ̀bù wó ní agogo méjì ààbọ̀. Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ bá a lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Egungun méjì ló ṣẹ́. Dókítà fi sìmẹ́ǹtì dì í, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọlọ́run ṣeun, ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Màmá bi mí pé ta ló ṣẹ́ mi lápá. Mo ní mi ò rí ojú ẹni náà. Irọ́ kejì tí mo pa fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù nìyẹn. Ó mọ̀. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Nọ́ọ̀sì tó ń tún apá mi dì rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí. Àǹtí rẹ̀ wà nínú àwọn Olùretí. Ó ní Atọ́nà ti ya àwọn tí èèyàn wọn kú sọ́tọ̀. Etí kòtò òkúta gan-an ni wọ́n máa dúró sí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá yọ, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e, àwọn òkú wọn á gbà wọ́n mọ́ra.

Mo ní, "Kòtò yẹn jìn tó ilé alájà mẹ́wàá."

Ó ní, "Àǹtí mi ti pín àwọn aṣọ rẹ̀ fún wa, mà."

Mo yá kọ̀ǹpútà Olóòtú. Mo wá ohun tó máa wà lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà. Kò sí irọ́ nínú ọjọ́ tí Atọ́nà mú. Ìmọ́lẹ̀ máa yọ lóòótọ́. Ilé òfúrufú fúnra rẹ̀ máa kọjá lórí ìlú wa ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, oòrùn tó ti wọ̀ fún wa á ṣì máa ràn sí i lára lókè. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kà lè rí wákàtí rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Atọ́nà ti kà á. Ó mọ ohun tó ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì ní òun máa rán ọlọ́pàá mẹ́rin. Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ni. Ó ní, "Ìyá, mẹ́rin náà ni mo ní."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo dé kòtò òkúta ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àná. Èrò kún bíi eṣú. Atọ́nà wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ pẹ̀lú máíkì, ọkùnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ. Àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tò sí etí kòtò, wọ́n tó ọgọ́ta. Mo rí ẹ̀yìn Gẹdú láàárín wọn.

Mi ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí ẹnìkan fi pariwo pé, "Oníkámẹ́rà nìyí o!" Ìkúùkù bà mí lẹ́yìn ọrùn. Wọ́n ta mí ní ìpá, mo ṣubú lé apá tó ṣẹ́, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ là. Mo ń rá láàárín ẹsẹ̀ wọn, bàtà ń bà mí níhà, mo ń rá lọ. Ohun tó gbà mí ni pé Atọ́nà ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, kí wọ́n kọjú sókè.

Mo di Gẹdú mú lẹ́sẹ̀. Ó wolẹ̀, ó rí mi.

"Ẹ padà sílé."

"Fetí sílẹ̀. Ní agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ kan máa yọ lókè òpó wáyà yẹn. Kò ní pariwo. Á mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ, á sọdá orí wa. Ṣùgbọ́n kó tó dé orí kréènì tí wọ́n fi ń gbé òkúta lódìkejì, á kú lójú ọ̀run bí àbẹ́là tí wọ́n fẹnu fẹ́. Ilé òfúrufú ni. Òjìji ayé ló ń wọ̀."

"Irọ́ ni."

"Bó bá kọjá orí kréènì láìkú, màá bá ọ fò. Di ọwọ́ mi mú."

Ó dì í mú. Kò mọ̀ pé òun dì í mú.

Ó yọ ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Igbe tó sọ lẹ́nu ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn, ilẹ̀ mì sí i. Ìmọ́lẹ̀ funfun, ó dúró ṣinṣin, ó ń bọ̀ láìyára, láìdúró. Kí n sọ òótọ́, ó lẹ́wà. Atọ́nà ń ké nínú máíkì pé, "Wọ́n dé! Ẹ gbé ẹsẹ̀! Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín lé e!"

Obìnrin tó wà lápá òsì wa gbé ẹsẹ̀. Kò kígbe. Ìgbà tó débẹ̀ nísàlẹ̀ ni mo gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan tẹ̀lé e pẹ̀lú fọ́tò lọ́wọ́. Bàbá arúgbó kan. Òmíràn yọ̀, ó di etí òkúta mú, ó ń ké, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́, ó lọ. Gẹdú gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ọwọ́ mi kan ò ká a. Mo fi eyín bù ú lápá, mo bù ú títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi.

"Wo kréènì!" Mo tu ẹ̀jẹ̀ dànù. "Má wo nǹkan míì. Wo kréènì!"

Ó wò ó. Ìmọ́lẹ̀ náà ń sún mọ́ ọn. Ó di àwọ̀ ọsàn, ó di pupa rúsúrúsú, ó kú. Ó ku ìwọ̀n ọwọ́ kan kó dé orí kréènì.

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Láti ìsàlẹ̀, ẹnìkan ń kérora.

Gẹdú jókòó sórí òkúta. Ó ní, "Ibi tí ẹ sọ náà ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èyí tó kéré ńkọ́?"

Mo wò ó dáadáa. "Yìnyín ni, àbúrò mi. Omi tó dì."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n sọ iye igi fún. Lẹ́yìn náà ó dìde, mi ò sì lè dá a dúró mọ́.

Atọ́nà ti ń wá bó ṣe máa wọ iwájú ọkọ̀. Wọ́n ti fà á sílẹ̀ kí Gẹdú tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń kígbe "Wọ́n dé" ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ni wọ́n ń fi òkúta lù ú. Gẹdú fa ọ̀pá máíkì yọ. Mo gbọ́ ìró irin lára egungun nígbà mẹ́rin. Mo ń pe orúkọ tí Màmá sọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni ò pè é mọ́. Ìgbà karùn-ún, ìbọn dún. Àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin ń yìn ín sókè.

Àwọn mẹ́rin ló bọ́ sínú kòtò. Mẹ́ta kú. Obìnrin àkọ́kọ́ yẹn, àǹtí nọ́ọ̀sì ni. Ìkẹrin yè, kò lè gbé ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Sájẹ́ǹtì ránṣẹ́ pè mí. Màmá ní òun máa bá mi lọ, òjò ń pa wá. A ń sún mọ́ géètì àgọ́. Ó wá di aṣọ mi mú.

"Sọ pé o ṣubú."

"Màmá."

"Ọmọ méjì péré ni mo bí. Ọ̀kan ti wà lẹ́yìn irin. Wọ́n á ka apá rẹ náà sí i lọ́rùn mọ́ ti ọkùnrin tó lù yẹn. Sọ pé o ṣubú."

Atọ́nà wà láàyè. Ojú rẹ̀ kan ò ní ríran mọ́, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀sùn tirẹ̀. Gẹdú jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn méje mìíràn, ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́, báńdéèjì lápá níbi tí mo ti bù ú jẹ.

Sájẹ́ǹtì ṣí ìwé. Ó bi mí nípa ṣọ́ọ̀bù, mo dárúkọ àwọn tí mo rí. Ó bi mí nípa ọwọ́ Télọ̀, mo ní mi ò sí níbẹ̀, kí wọ́n bi Télọ̀ fúnra rẹ̀. Ó bi mí nípa kòtò òkúta, mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà ó fi bírò tọ́ka sí sìmẹ́ǹtì.

"Ta ló ṣẹ́ yín lápá?"

Màmá ń wo ilẹ̀. Gẹdú gbójú sókè, ó wò mí, kò mi orí, kò bẹ̀ mí. Mo ronú nípa ìka Télọ̀. Mo ronú nípa gbogbo ìlú tí mo kọ̀wé sí pé kí wọ́n gba ohun tí ojú rí, bó tilẹ̀ dùn wọ́n.

Mo ní, "Àbúrò mi ni. Pákó ló fi lù mí. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Bírò Sájẹ́ǹtì dúró. Ó bojú wo orí bẹ́ǹṣì. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló rí," ni Gẹdú wí. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

A rìn padà sílé, Màmá ṣíwájú, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dáná, ó gbé oúnjẹ tèmi wá síwájú mi. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ẹran mi sí wẹ́wẹ́ kí n lè fi ọwọ́ kan jẹ ẹ́. Ó gé e títí dé èyí tó kéré jù, kò wo ojú mi, ó sì gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ jẹ nínú yàrá.